Ọjọ́ tí Mo Tú Ahọ́n Agogo

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni òórùn àárọ̀ Jímọ̀ fún mi. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá gé ọsàn wẹ́wẹ́ nítòsí mi, ńṣe ni ọwọ́ mi á máa wá agogo tí yóò fọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀, èmi ni wọ́n fi ṣe táìmù-kípà, ẹni tó ń lu agogo, nígbà tí mo wà ní pírámárì fáìfù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ jáde nírú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé oyè yẹn kì í ṣe kékeré. Àárọ̀ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó kù tó dé, mo ti jókòó sí àkàsọ̀ ìta kíláàsì, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ara agogo náà, mo ti fi eérú lé e, mò ń fi àkísà nù ún títí ojú mi á fi hàn nínú rẹ̀.

Agogo ọwọ́ ni, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó ní èèkù igi tí ọwọ́ àwọn táìmù-kípà àtijọ́ ti mú dán. Nínú ikùn rẹ̀ ni irin kékeré kan rọ̀ sí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ òkè. Irin yẹn là ń pè ní ahọ́n agogo. Tí mo bá ju ọwọ́ sókè sódò, ahọ́n á lu ẹ̀gbẹ́ agogo, gbogbo ọmọ tó ń bá ara wọn jà lórí bọ́ọ̀lù á sì sáré wá tò sórí ìlà. Ojú mi máa ń ga lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bú mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, kò sì sí ohun mìíràn láyé tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ebiere ni igbákejì mi. Bomadi nílẹ̀ Ìjọ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ojúlé kejì sí tiwa ni wọ́n sì ń gbé. Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Bí inú bá bí i nìkan ló máa ń bọ́ sórí pijin. Èmi ló ń fọ agogo, òun ló ń fi aṣọ wé e tó ń tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà wa, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin ni ọ̀gá àgbà náà, Madam là ń pè é, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan ilé ẹ̀kọ́ sọnù. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ibi tí agogo kò bá ti dún, kò sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ pátápátá, ẹ ó sì rí ohun tó mú mi ṣe.

Bàbá mi ń kó ẹrù ní wọ́ọ̀fù ní Àpápá. Ìyá mi máa ń ra òfìfo àpò ìyẹ̀fun lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò ní Liverpool Road, á fọ̀ wọ́n ní àgbàlá, á rán wọn ní ṣòkòtò péńpé, á sì lọ tà wọ́n ní ọjà Boundary. Gọ́tà iwájú ilé wa kì í yé funfun, òórùn ìyẹ̀fun tó ti kan ló sì ń gbé pẹ̀lú wa nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ní. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, a kì í sì jà nítorí ẹ̀. Ìjà tó wà nílé wa ni ti àtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́jọ́ ìparí sáà, gbogbo òbí tó bá ráàyè ló ń wá sílé ẹ̀kọ́. Madam á máa pe kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣe ìkẹta, ẹni tó ṣe ìkejì, ẹni tó ṣe ìkíní. Ọmọ á jáde síwájú, wọ́n á fún un ní ìwé àjákọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Láti orí ìkẹrin lọ, o kàn máa gba káàdì rẹ ni, o máa lọ sílé. Bàbá mi kì í pa ọjọ́ náà jẹ. Á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, á wọ jalamíà funfun tó ń rùn káńfọ̀, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí wọ́n bá ti pe ọmọ, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́, bàbá mi á ya apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra, á sì lu àtẹ́wọ́ tí àwọn ẹyẹ orí páànù fi ń fò. Àtẹ́lẹwọ́ tí ẹrù wọ́ọ̀fù ti mú le ni, kò dún bí ti ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ máa ń yíjú wo èmi, wọ́n á ní, "Bàbá ẹ dé." Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìkẹrin ni mo máa ń ṣe. Láti pírámárì tírì, ìkẹrin, ìkẹrin, bí ẹni pé wọ́n ti fi sọ mí lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi máa ń bínú. Á ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ lọ ń ṣẹ́ ara yín lọ́wọ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìyá Rísí, mò ń fi tiwọn gbáradì ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe Rísí, wọ́n á gbọ́ ọ dé Wharf Road ní Àpápá." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà mẹ́fà, ó sì ń dùn mí pé mi ò tíì fún un láyè láti ṣe é.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí sáà kẹta parí nígbà tí bàbá mi fara pa. Okùn wáyà tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ló ká a lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù, wọ́n sì mú un wálé pẹ̀lú báńdéèjì tó tóbi bí búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ju pé ó ti fara pa lọ́wọ́, ó sì ń jinná bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò máa ń wá wẹ egbò náà lẹ́yìn tí mo bá ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí mo bá wọlé, àwọn àgbà á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń sọ.

Bàbá mi kò jáde mọ́. Bí àlejò bá wá kí i, ó máa ń ki ọwọ́ òsì sábẹ́ aṣọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi lẹ́yìn kọ́tìnì pé, "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé òun ni kí n wá máa fi bọ èèyàn lọ́wọ́?" Èmi kò rò ó jìnnà. Tèmi ni pé, ṣebí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní àwọn máa tú báńdéèjì náà ní ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún á sì jáde.

Àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Ìṣẹ́gun yẹn ni ìparí sáà bọ́ sí. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni tíṣà wa rán mi pé kí n gbé àwọn káàdì lọ fún Madam. Ta ni kò ní yọjú wò ó? Mo yọjú. Lórí káàdì mi, níbi tí wọ́n ń kọ ipò sí, ìkíní ni wọ́n kọ. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó ti bàbá mi, mo bi í pé, "Bàbá, tí wọ́n bá tú u lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé ẹ máa lè pàtẹ́wọ́?" Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Lágbára Ọlọ́run." Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ìdáhùn yẹn dùn mọ́ mi, mo sì lọ sùn.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mò ń wá. Mo rántí ọjọ́ kan tí omi òjò wọ ọ́fíìsì, tí kò sẹ́ni tó lè dé ìdí agogo, tí wọ́n sì dá gbogbo wa padà sílé. Mo wá rò ó pé, bí agogo kò bá dún lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á sún ìparí sáà síwájú títí wọ́n á fi tún un ṣe, bàbá mi á sì ti ní ọwọ́. Nítorí náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo fọ agogo sílẹ̀ de ìparí sáà dípò àárọ̀ Jímọ̀, mo fi ìka tú wáyà inú rẹ̀, mo yọ ahọ́n rẹ̀, mo dì í sínú áńkáṣífù mi. Mo fi aṣọ wé agogo fúnra mi lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e fún Ebiere. Kò tú u wò. Ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń kọrin lọ sílé.

Lọ́jọ́ ìparí sáà, Madam fúnra rẹ̀ ló máa ń lu agogo. Nígbà tó gbé e láàárọ̀ Jímọ̀ tó mì í, kò dún rárá. Ó mì í lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo inú rẹ̀. Ó pe èmi àti Ebiere síwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ó bi mí bóyá ahọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo gbé e fún Ebiere ní pípé." Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn, ó rọrùn bí omi mímu. Ebiere yíjú, ó wò mí. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan agogo náà. Madam ní kí ó sọ ibi tó fi í sí, ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n nà án lẹ́gba mẹ́fà, mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́ta lọ́wọ́ òsì, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sẹ́bàá òpó àsíá. Kò pe orúkọ mi.

Bí ẹ bá rò pé ìparí sáà dúró, ẹ ò mọ Madam. Ó ní kí wọ́n gbé ògbólógbòó wíìlì ọkọ̀ tírélà tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ wá, wọ́n fi irin lù ú, ó sì dún ju agogo lọ. Ó ní aago mẹ́wàá la máa bẹ̀rẹ̀. Mo dúró lórí ìlà, ahọ́n agogo wúwo lápò mi, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn Ebiere nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ to àga, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo sáré lọ sílé. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Bàbá mi ni mo kàn ń wá.

Ilẹ̀kùn wa ṣí. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, nọ́ọ̀sì ń wẹ egbò rẹ̀, ìyá mi sì mú abọ́ omi dání. Báńdéèjì ti wà nílẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Àtàǹpàkò nìkan ló wà níbẹ̀. Ibi tí ìka mẹ́rin tó kù yẹ kó wà, kò sí nǹkan kan, ibẹ̀ kàn ṣe rìgìdì, ó sì pupa. Bàbá mi kọ́kọ́ fẹ́ fi aṣọ bò ó, ó sì tún fi í sílẹ̀. Ó ní, "Rísí, ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ." Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi.

Inú ẹkún yẹn ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, káàdì, wáyà, áńkáṣífù, irọ́. Mo gbé ahọ́n agogo sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá mi káwọ́ lérí. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi bi mí: "Ta ni wọ́n nà?" Mo ní, "Ebiere." Lẹ́yìn náà ó ní kí nọ́ọ̀sì tètè di ọwọ́ náà, ó sì ní kí ìyá mi mú jalamíà òun wá. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò yọjú síta láti ọjọ́ yìí?" Ó ní, "Wọ́n ti fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọwọ́ mi."

A rìn dé ilé ẹ̀kọ́, òun ló ṣáájú. Àwọn òbí ti jókòó. Madam rí i, ó dìde, ó ní, "Bàbá Rísí, ẹ kú ewu." Bàbá mi na ahọ́n agogo sí i. Ó ní, "Ẹ má bínú sí ọwọ́ òsì, Madam. Òun ló kù." Madam fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bàbá mi wá yíjú sí mi, ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí n sọ ọ́ sókè. Mo sọ ọ́. Àwọn kan hó lé mi lórí. Bàbá mi ní kí wọ́n fún mi ní iye tí wọ́n fún Ebiere, wọ́n sì fún mi, mẹ́ta, mẹ́ta. Madam fa Ebiere dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀ nù. Mo ní kí ó má bínú. Ó kọ̀yìn sí mi, ó lọ sórí ìlà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ. Bàbá mi dúró síbi tó máa ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí n dúró ti òun. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ pírámárì wọ́ọ̀nù tó kọ́kọ́ jáde, mo rí i tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ́ ya bí ti tẹ́lẹ̀, tó sì dúró. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò rí ibi tí yóò lù. Ó wò mí. Ó ní, "Rísí, mú ọwọ́ ẹ wá." Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi tí ẹgba ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, ó sì fi tirẹ̀ lù ú. Ó ta mí dé inú egungun. Ó mọ̀ pé ó ń ta mí, ó rọra ń lù ú, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn, kíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn, èmi àti bàbá mi la jọ ń pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tó kan pírámárì fáìfù, Ebiere ni wọ́n pè ní ìkẹta. Kò ṣe ìkẹta rí. Ìyá rẹ̀ wà níbi tó ti ń yan ẹja, kò sẹ́nì kankan tó wá nítorí rẹ̀. Fúnra mi ni mo gbé ọwọ́ sókè kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀, mo sì lù ú kíkankíkan, kí ó lè ta mí. Ọmọkùnrin kan ṣe ìkejì. Lẹ́yìn náà Madam wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìwé ló ń gba ipò, ìwà kọ́. Ìkíní, Risikat."

Mo jáde. Mo ti dé àárín pápá kí n tó rántí. Ọwọ́ tí bàbá mi ń lù ni mo gbé lọ. Mo yíjú padà, mo rí bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó gbé sókè, ọjọ́ tó ti ń dúró dè láti ọdún mélòó kan ti dé, kò sì sí ohun tó máa lù. Àwọn ọmọ àti àwọn òbí kò pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣì ń bínú sí mi. Mo rò pé ilẹ̀ á gbé mi mì.

Ebiere wà lórí ìlà àwọn tó yege, ìwé àjákọ rẹ̀ wà lábíyá. Ó kúrò lórí ìlà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwò mí, ó rìn lọ bá bàbá mi, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti wú sókè, ó sì ní, "Bàbá, ọwọ́ rèé." Bàbá mi wò ó. Ó sì lù ú. Wọ́n jọ pàtẹ́wọ́ fún mi, pàà, pàà, àwọn méjì yẹn nìkan ní gbogbo pápá, kí àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn pa á. Kò dún dé Wharf Road. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ròkè jù ú lọ láyé mi.

Wọ́n gba táìmù-kípà lọ́wọ́ mi, wọ́n fún Ebiere. Ìyá mi kọ́ bàbá mi láti máa fi ọwọ́ òsì rán aṣọ àpò, àwọn méjèèjì jọ ń tà á ní Boundary títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá mi ti kú báyìí. Títí tó fi kú, ọwọ́ òsì ló fi ń kí gbogbo èèyàn, kò sì tún fi í pamọ́ mọ́.

Ebiere di ẹni tó ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde ní èbúté, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Wharf Road gan-an. Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí i, mo bi í léèrè ohun tí mi ò lè bi í láti ìgbà èwe: kí ló dé tó dìde lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe fún un. Ó ń yí bírò lọ́wọ́. Ó ní, "I still dey vex for you that time o. But your papa hand dey hang for air. Who go see am come leave am?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun náà nígbà yẹn. Èmi ti lé láàádọ́ta, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi ní gbọ̀ngàn tó tóbi ju pápá wa lọ. Àmọ́ nígbà tí mo kúrò lọ́fíìsì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọwọ́ tí mo ti rí tó dúró lófuurufú láti ìgbà yẹn, ti alábàáṣiṣẹ́ mi, ti àbúrò mi, ti ọmọ ọlọ́mọ, àwọn tó ń wá ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, tí èmi tí mo mọ ohun tó jẹ́ sì gbójú kúrò, tí mo bá tèmi lọ. Mi ò tíì kà á tán nígbà tí mo fi dé ilé.